Okùn Ọrùn fún Ológbò Tó Ń Jáde: Èwo Ni Ká Rà, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Kí ẹ tó fowó ra okùn ọrùn fún ológbò tó ń jáde, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ṣé kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ó nílé, kó sì pè yín ni? Ṣé kí ẹyẹ lè tètè fura sí i ni? Àbí ẹ fẹ́ mọ ibi tó ń rìn dé lóru? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe wọ́n. Bó bá jẹ́ oge lásán ni, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò.

Okùn àti microchip

Microchip jẹ́ ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí kò ju wóró ìrẹsì lọ. Dókítà ẹranko ló ń fi abẹ́rẹ́ tì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ológbò wà. Nọ́ńbà kan ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, òun sì ni wọ́n fi ń wá orúkọ àti fóònù yín nínú àkọsílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fóònù láì tún àkọsílẹ̀ ṣe, òfo ni.

Microchip kì í já, kì í sì í há sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n aládùúgbò tó rí ológbò yín níta kò ní ẹ̀rọ lápò, ojú lásán ló fi ń wò ó. Tó bá rí okùn tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, á pè yín. Tí kò bá rí nǹkan kan, ó lè rò pé kò nílé, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ológbò ti di tirẹ̀.

Ìwádìí kan tí Linda Lord àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio State University tẹ̀ jáde ní 2010 jẹ́ ká rí bí okùn àti microchip ṣe ń pẹ́ sí lára ológbò. Ológbò 538 ni wọ́n fi okùn sí lọ́rùn fún oṣù mẹ́fà. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló wọ̀ ọ́ dópin. 18 nínú wọn ni ẹsẹ̀ tàbí ẹnu wọn há sínú okùn, tàbí tí okùn há sí nǹkan. Nínú 478 tí wọ́n yẹ microchip wọn wò níkẹyìn, ti 477 ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní England, láti 10 Okúdù 2024, òfin ti fi dandan lé microchip fún ológbò tó bá ti pé ogún ọ̀sẹ̀. Kò fi dandan lé okùn.

Nítorí náà, tówó ohun kan ṣoṣo ló bá wà lọ́wọ́, microchip ni kẹ́ ẹ ṣe. Okùn ló máa tẹ̀ lé e.

Ìdè ni kí ẹ wò, ẹ má wo àwọ̀

Èyí tó ní irin ìdè bíi ti bẹ́líìtì lágbára, ó sì ń pẹ́. Ohun tó mú un burú fún ológbò gan-an nìyẹn. Ajá kì í gun igi, ológbò ń gùn ún. Èyí tí okùn rẹ̀ bá kọ́ ẹ̀ka nígbà tó ń fò sílẹ̀ lè so rọ̀ síbẹ̀ kú. Mi ò rí ìdí kankan tí ẹ fi máa rà á.

Onílásítíìkì ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí wọ́n lè kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò léwu. Bó ṣe ń nà kí orí lè yọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń nà kí ẹsẹ̀ iwájú lè wọlé. Okùn á máa yọ ológbò lẹ́nu, á fi ẹsẹ̀ tì í, ẹsẹ̀ á yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, okùn á wá bọ́ sí abíyá. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìṣísẹ̀ tó bá gbé ni okùn á máa gé e lára. Tó bá fi máa wálé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọgbẹ́ ti jìn. Ọgbẹ́ abíyá kì í tètè jinná, torí ojoojúmọ́ ni ibẹ̀ ń nà tó ń ká. Nígbà míì, iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbà.

Èyí tí mo fara mọ́ ni èyí tí ìdè rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá fà á. Ike ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìdè náà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ara páálí gbọ́ o. Ẹ so ó pọ̀, ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, kẹ́ ẹ fà á gbọ̀n-ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kó ṣí. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fi tipátipá ya á, ìwúwo ológbò ò ní lè ṣí i. Bẹ́ ẹ bá sì fi sí i lọ́rùn, ìka kan tàbí méjì ló yẹ kó wọ abẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá tú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè há sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń lá ara rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé á máa sọnù. Ẹ ra méjì pọ̀, kẹ́ ẹ má sì bínú: èyí tó já lórí igi ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ rà á. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sára okùn gan-an. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, tó ń fì dirodiro, náà lè kọ́ nǹkan.

Ṣaworo tàbí aṣọ aláwọ̀?

Lórí ṣaworo, ẹnu àwọn olùwádìí kò kò. Àwọn kan rí i pé ó dín ẹran tí ológbò ń pa kù. Ìwádìí tí Yunifásítì Exeter tẹ̀ jáde ní 2021 kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni aṣọ aláwọ̀ títàn tí wọ́n fi bo okùn: ẹyẹ tí wọ́n ń gbé wálé dín ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Eku kò jàǹfààní rẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ ẹyẹ lẹ fẹ́ gbà là, tí eku sì ni iṣẹ́ ológbò yín, aṣọ yìí bá yín mu. Oúnjẹ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ náà dín ọdẹ kù ní ìdá 36, bí ẹni tó ni ológbò bá sì ń bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lóòjọ́, ó dín in kù ní ìdá 25. Ẹ̀yìn èyí ni mo wà, torí kò sí nǹkan kan tó ń há.

GPS

Ẹ̀rọ GPS tí wọ́n ń so mọ́ okùn máa ń fi ibi tí ológbò wà hàn yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ ní láti máa gba iná sí i, ó sì wúwo ju okùn lásán lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé, bí okùn bá ń ṣí, ẹ̀rọ olówó gọbọi lè bọ́ sígbó. Bí kò bá ń ṣí, a tún padà sórí ẹ̀ka igi. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ rà á, èyí tó ń ṣí ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀rọ tó bọ́ sígbó náà á ṣì fi ibi tó wà hàn, bí bátìrì rẹ̀ kò bá tíì kú.

Ti eégbọn

Ẹ má fi okùn eégbọn ti ajá sí ológbò lọ́rùn láé. Permethrin, oògùn apakòkòrò tó wà nínú àwọn kan, jẹ́ májèlé fún ológbò.

Ọmọ ológbò tó ṣì ń dàgbà, ẹ jẹ́ kó lo microchip ná. Okùn tó bá ọrùn rẹ̀ mu lónìí lè ti máa fún un lọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí i.