Ẹ ṣọ́ra o, gíláàsì ni wọ́n tà fún mi tí wọ́n pè é ní benitoite

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra òkúta iyebíye lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ojú sì ń tì mí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà nípa benitoite, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù yìí, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó tà á fún mi ní káráàtì 5 ni (káráàtì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo òkúta iyebíye), pé ó mọ́ gaara, kò ní àbàwọ́n kankan. Káráàtì 5! Èmi tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tó káráàtì 1 tí wọ́n bá gé e tán. Mo bi í pé ibo ló ti wá, ó ní San Benito ní California, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i ní 1907, ibẹ̀ nìkan sì ni èyí tó ṣeé gé fi ṣe ọ̀ṣọ́ ti ń wá, ìdáhùn yẹn gan-an ló fi mú mi. Ó tún fi fídíò ránṣẹ́, òkúta ń tàn búlúù nínú òkùnkùn, mo bá sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ó dé, mo tan iná UV shortwave, iná àkànṣe tí ojú kì í rí tí wọ́n fi ń yẹ òkúta wò, sí i, kò tàn. Mo yí i, kò tàn. Benitoite gidi á tàn búlúù yòò lábẹ́ iná yẹn! Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ wo fídíò ẹ̀ dáadáa, àṣé tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò lásán ló ń tàn sí i. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tí mo ti wò ó, búlúù kan náà ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, benitoite gidi, tẹ́ ẹ bá yí i, búlúù ẹ̀ á ṣá lápá kan, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó há sínú ẹ̀. Gíláàsì!

Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ni. Ó dáa, ojúkòkòrò wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jókòó tó gbèrò irọ́, tó ń pè mí ní ọ̀gá títí owó fi wọlé, kó tó bulọ́ọ̀kù mi. Olè ni!

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó fi awò ya fídíò ẹ̀ kó máa yí i, tó bá jẹ́ gidi, ìlà ibi tí wọ́n gé lẹ́yìn á máa hàn ní méjì-méjì, ti gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lábù tó ń yẹ òkúta iyebíye wò, ẹ fúnra yín wádìí nọ́ńbà ìwé náà lọ́wọ́ lábù. Ẹ má fi nǹkan ha á wò o, líle benitoite ò ju 6 sí 6.5 lọ lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, kò le tó sáfírè.

Èmi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà lójú mi. Ìwọ tó tà á fún mi, tó o bá ń ka èyí, dá owó mi padà.