Safari àríwá Tàǹsáníà: ojú títì lẹ máa fi owó yín wò jù

Bí ẹ bá ń gbèrò láti sanwó fún safari orí ilẹ̀, ìyẹn ìrìn àjò wíwo ẹranko igbó, ní àríwá Tàǹsáníà, èyí tí wọ́n máa ń to ọgbà ẹranko Tarangire, Serengeti àti Ngorongoro pọ̀ sínú ọjọ́ díẹ̀, ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ ni pé inú mọ́tò lẹ máa jókòó sí jù. Mi ò kábàámọ̀ pé mo lọ o. Àmọ́ ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún iléeṣẹ́ tó kó wa, dírẹ́bà wọn ló sì ni méjì níbẹ̀.

Arusha lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbéra. Láti ibẹ̀ dé Tarangire, nǹkan bí 120 kìlómítà, ọ̀dà ni, ó sì dán. Ọlọ́pàá nìkan ni wàhálà ibẹ̀: tí mọ́tò bá ti wọ ibi táwọn èèyàn ń gbé, kò gbọdọ̀ sáré ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, àwọn aláṣọ funfun yìí sì wà lábẹ́ igi, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré dání. Ká ní Tarangire nìkan la lọ, ì bá tó mi. Igi osè ló kún ibẹ̀, àwọn àgbà osè gidi, tí erin ti fi eyín gbẹ́ ara igi náà torí omi tó wà nínú rẹ̀. Òmíràn ti lu já, èèyàn ń rí òdìkejì. Ẹ ṣáà má wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ aláró lọ, torí àwọ̀ yẹn gan-an ló ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, ó sì máa ń ta èèyàn gba orí aṣọ. Àdìrẹ lẹ̀gbọ́n mi wọ̀.

Ẹnubodè Loduare, níbi tí wọ́n ti ń wọ Ngorongoro, ni ọ̀dà parí sí. Ẹ máa gun òkè wọnú ìkùukùu, òtútù á mú yín, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí pápá gbígbẹ lápá kejì, ibẹ̀ ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà náà ká wérewère bíi páànù òrùlé, ọ̀pọ̀ wákàtí la sì fi gbọ̀n lórí ẹ̀. Síkírúù kan já láti òkè, ó bọ́ sórí itan ẹ̀gbọ́n mi. Dírẹ́bà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbà á, ó jù ú sápò àyà rẹ̀, mo sì gbọ́ tó dún mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti wà níbẹ̀.

Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi kò tì dókè. Éàkọ́ńdíṣàn tí wọ́n kọ sínú ìwé kò ṣiṣẹ́. Eérú òkè oníná ló pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yẹn, nítorí náà gbogbo wa hewú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, ṣé ẹran la wá wò ni, àbí àwa la wá di ẹran àyangbẹ?”

A ò lè yà sí àfonífojì Oldupai, níbi tí awalẹ̀pìtàn Mary Leakey ti rí agbárí ẹ̀dá àtijọ́ kan tó fara jọ èèyàn lọ́dún 1959. Ìdí ni pé wákàtí 24 ni owó ìwọlé Serengeti ń kà, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ wa kò fẹ́ san àsanlé. Gbogbo eré àsápajúdé wa, ọ̀rọ̀ owó ìwọlé ni.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Fọ́tò tí wọ́n fi polówó ni ti àwọn nyumbu, ẹran oníwo tó fara jọ màlúù yẹn, tí wọ́n ń bẹ́ sódò Mara. Oṣù kejì ni wọ́n sì ta ìrìn àjò fún wa! Apá gúúsù làwọn ẹran wà nígbà yẹn, wọ́n ń bímọ. Ó di nǹkan bí oṣù keje kí wọ́n tó dé odò náà lápá àríwá. Dírẹ́bà rọra ń fọgbọ́n sọ ọ́, kò fẹ́ bú ọ̀gá ẹ̀: “Mama, oṣù kẹjọ ni wọ́n ya fọ́tò yẹn.” Àmọ́ ó wá ibi tí ìyá nyumbu kan ti ń bímọ, ó pa mọ́tò, a sì ń wò títí ọmọ náà fi dìde, tó ṣubú, tó tún dìde.

Inú kòtò Ngorongoro dáa, 260 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì jìn tó 600 mítà. A rí àgbáńréré lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ má wá àgùnfọn níbẹ̀, ògiri ẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ jù fún wọn.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo tún fẹ́ lọ, ọgbà méjì ni màá mú, màá sì wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré láti Seronera, láàárín Serengeti, padà sí Arusha. Kìlógíráàmù 15 ni ẹrù tí wọ́n ń gbà, nínú báàgì rírọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ wákàtí tẹ́ ẹ máa lò lójú títì lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì fi fídíò fèrèsé mọ́tò náà ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tì í. Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi dá dírẹ́bà lọ́lá, ọwọ́ ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi lé, ẹ má gbà á gba ọ́fíìsì.