Ètò ìtajà ṣọ́ọ̀bù oògùn wa ní Pansẹ́kẹ̀: oṣù 14, ìjà kan, nọ́ńbà mẹ́rin

Mi ò ní ka iye bọ́tìnnì tó wà lójú ètò ìtajà tí à ń lò yìí fún yín. Ẹni tó bá ti fi kọ̀ǹpútà tajà rí mọ ohun tí ètò ìtajà ń ṣe. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni Sátidé tó ṣáájú Iléyá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pansẹ́kẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń rí níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ìlà àwọn oníbàárà wa ti jáde sí títì, ó ti dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Kàṣíà tẹ páálí paracetamol kan ṣoṣo, a wá ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo sinimá. Mo fi fóònù mi wọn àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 49 kí rìsíìtì kan tó jáde. Ìyá kan tó pọn ọmọ tí ibà ń ṣe sọ fún mi pé, "Ẹ ò ṣe kúkú padà sídìí ìwé àti báírò, ìyàwó wa?" Ojú tì mí. A padà sídìí ìwé àti báírò lóòótọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀. Òkè-Ìléwó ni ọ́fíìsì àwọn tó ta ètò náà fún wa wà; mi ò ní dárúkọ wọn. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń pè wọ́n pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Ẹni tó ń gbé fóònù níbẹ̀ mọ ènìyàn kí, "Ẹ kú ọjà o mà, ẹ kú làálàá," àmọ́ ìdáhùn kan péré ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." A pa tiwa nísàlẹ̀, a tún un tàn, ibi tí a fi sí la tún bá a. Nígbà tí mo bá ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Mà, sẹ́fà yín ló ti gbó," ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí fáìlì gbogbo ẹ̀rọ yòókù wà nínú rẹ̀. RAM (ìrántí ẹ̀rọ) àti SSD (ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì sí) tuntun, ₦210,000. Dádì, bàbá ọkọ mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, san án, ṣùgbọ́n ó kùn títí.

Wọ́n fi SSD sí i tán, ètò ń sáré bí ehoro. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà lórí WhatsApp, ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà di ìgbín. Mo pè. "Mà, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì yín ni." Ẹ gbà mí o! Ètò yìí kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, wáyà la fi so ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀.

Èyí tó burú jù kì í ṣe ti ìlà. Dádì ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú-ewé iye ọjà tó kù ló máa ń ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí sítọ́ọ̀, ó ka páálí oògùn ibà kan, ó bá 19. Tirẹ̀ lókè ní 64 ló wà. Ó pe ọmọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Mo fi kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ hàn án pé 19 náà ló wà níbẹ̀. Ó ní a ti jọ yí i ni. Mi ò ní tún gbogbo ohun tó sọ sọ níbí, àgbà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà kò wá síṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n rán àgùnbánirọ̀ kan sí wa. Ọmọbìnrin tín-ín-rín, ṣòkòtò káàkí ló wọ̀, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Mo fẹ́ lé e padà. Mo ní, "Ọ̀gá yín ni mo ní kó wá, kì í ṣe ìwọ." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ẹ kàn fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Kò tú sẹ́fà, kò béèrè ọdún tí a rà á. Ó ṣí ojú dúdú kan, ó tẹ gstat -h (àṣẹ tó ń fi ipò dátábéèsì, àká àkọsílẹ̀ ètò náà, hàn) àti orúkọ fáìlì, ìlà bíi ogún já lulẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí mẹ́rin:

Oldest transaction 318204
Oldest active 318205
Oldest snapshot 318205
Next transaction 1406977

Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́."

Firebird ni dátábéèsì tó wà nínú ikùn ètò yìí, ẹ̀dà 2.5 tó jáde ní 2010. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú dátábéèsì, ìbáà ṣe títà, ìbáà ṣe pé ẹnì kan kàn ń wo iye owó oògùn, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún un bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Next ni nọ́ńbà ẹni tó ń bọ̀. Oldest active ni ẹni tó gba nọ́ńbà tipẹ́tipẹ́ tí kò tíì dìde. Ó yọ Oldest active kúrò nínú Next: 1,088,772. Ó ní fún irú ṣọ́ọ̀bù wa, tó bá ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ, kí ènìyàn ti máa fura.

Mo ní kí ló wá kan ìjókòó ẹnì kan nínú rìsíìtì mi? Ó ní tí a bá ta páálí kan, Firebird kì í pa iye àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ tuntun, ó fi ti tẹ́lẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, torí ẹni tó ti jókòó kí a tó tà á ní ẹ̀tọ́ láti máa rí nǹkan bó ṣe rí nígbà tó dé. Bí ìyàwó tí kò lè palẹ̀ àwo mọ́ nítorí baálé ṣì wà nídìí oúnjẹ ló rí. Baálé tiwa kò dìde, àwo wá kún ilé: ẹ̀dà lórí ẹ̀dà, fáìlì ti di 3.9GB, ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ rí lójú-ewé kan ti fọ́n káàkiri. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ kì í gbálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó fi ìlà mìíràn hàn mí, Sweep interval 20000. Ó ní àlàfo tó wà láàárín Oldest transaction (nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kò tíì parí dáadáa) àti Oldest snapshot (nọ́ńbà tí ẹni tó jókòó pẹ́ jù ti ń wo nǹkan) ni ìyẹn ń wò; bó bá ju 20,000 lọ ni agbálẹ̀ tó ń dìde, tiwa kò sì ju ọ̀kan lọ. Lójú agbálẹ̀, ilé mọ́ tónítóní. Kódà bó bá tiẹ̀ dìde, wọn ò ní jẹ́ kó kó àwo tí ẹnì kan ṣì ní ẹ̀tọ́ sí.

Ó wá lọ sínú tábìlì kan tó ń jẹ́ MON$TRANSACTIONS, ó ní kó to àwọn tó ṣì wà láàyè bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 23. Ó so ó pọ̀ mọ́ MON$ATTACHMENTS, tábìlì àwọn tó so mọ́ dátábéèsì, àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà sì yọ. "Ta ló ni èyí, mà?"

Mo mọ̀ ọ́n. Láptọ́ọ̀pù Dádì ni.

Gbogbo rẹ̀ wá tò lọ́kàn mi. Oṣù kẹta la fi ìnfátà sí òkè. Ṣáájú ìgbà náà, iná ọba lè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Bó bá ti lọ, sẹ́fà kú, ìjókòó Dádì tú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tuntun. Iná tí à ń ṣépè fún ló ń bá wa palẹ̀ àwo mọ́! SSD náà ńkọ́? Pípa tí wọ́n pa sẹ́fà kí wọ́n tó lè fi í sí i ló wò wá sàn. ₦210,000 la fi ra ohun tí bọ́tìnnì kan ìbá ṣe.

Ta ló máa wá sọ fún Dádì? Ọkọ mi ní òun ń lọ sí Lafẹ́nwá. Àgùnbánirọ̀ yẹn ló gòkè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ kú ìsinmi sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ojú-ewé yìí dé, kí ẹ sì tún un ṣí, mo fẹ́ wo nǹkan kan ni." Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á. Dádì pa á dé, ó tún un ṣí. Oògùn ibà tó wà ní 64 di 19 lójú gbogbo wa. Dádì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. 19 ni. Ọmọbìnrin náà wá rọra ṣàlàyé pé iye ọjọ́ 23 sẹ́yìn ni ẹ̀rọ ń fi hàn án láti ọjọ́ yìí wá, nítorí pé ọjọ́ yẹn ló jókòó.

Dádì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ sítọ́ọ̀ yẹn dà?" Wọ́n pè é lórí fóònù, ó dé ní ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "má bínú" lẹ́nu Dádì, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ra ìrẹsì ọ̀fadà fún ọmọ náà, ẹran méjì, ó ní kó jókòó lókè níbẹ̀ kó jẹ ẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin náà fi gbak, irinṣẹ́ tí Firebird fi ń ṣe ẹ̀dà àpamọ́, kó fáìlì jáde, ó tún un kó padà: 3.9GB di 1.1GB, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Rìsíìtì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Kí ni mo wá rí gbà lọ́jọ́ Wẹ́sídeè? Ìwé owó láti Òkè-Ìléwó: àbẹ̀wò pàjáwìrì, ₦25,000. Mo pe ọ̀gá wọn. Ó ní, "Mà, SSD yẹn á wúlò fún yín lọ́jọ́ iwájú." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, màá ṣépè. Kí n má purọ́ ṣá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́: ojú-ewé iye ọjà kì í jókòó mọ́, kíkà nìkan ni, ó ń rí ohun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, kì í sì í dí agbálẹ̀ lọ́nà. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ìkìlọ̀ ètò yìí fún oògùn tó fẹ́ kọjá ọjọ́ lílò dára ju ti èyí tí a lò ṣáájú lọ jìnnà, àti àròpọ̀ owó ìrọ̀lẹ́ kì í ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ń tẹ gstat -h, mo ń kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, mo sì tún ń kọ ọ́ nírọ̀lẹ́, nítorí pé ìgbà tí a bá yọ ti àárọ̀ kúrò nínú ti ìrọ̀lẹ́ la tó mọ bó ṣe ń rìn. Bí Oldest active bá ń tẹ̀ lé Next lẹ́yìn, mo ti ìwé pa. Bó bá dúró lójú kan tí Next ń lọ, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó, mo gòkè lọ kí Dádì.

Àgùnbánirọ̀ náà ti parí ìsìn rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn bóyá wọ́n gbà á síṣẹ́, ó ní kò sí ààyè. Nígbà tí mo pè wọ́n lóṣù tó kọjá nípa nǹkan mìíràn, ẹni tó mọ ènìyàn kí ló gbé e: "Ẹ kú ọjà o mà. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀.