Gradle lẹ́nu iṣẹ́: àyẹ̀wò bí ó ṣe ń to àwọn iṣẹ́ tó gbára lé ara wọn

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe áàpù fóònù ní Adó-Èkìtì ló ń lo Gradle láìjẹ́ pé wọ́n yàn án. Irinṣẹ́ yìí ni Android Studio, ètò tí a fi ń kọ áàpù Android, tí Google kéde rẹ̀ ní ọdún 2013, ń lò láti sọ kóòdù di ohun tí ènìyàn lè fi sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0 ló sì wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nípa rẹ̀, èyí ni ọ̀nà tí ó ń gbà mọ iṣẹ́ (ìyẹn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú síṣe áàpù) tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e, nítorí pé ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú.

Gradle kì í tẹ̀ lé bí a ṣe to àwọn iṣẹ́ sínú fáìlì tí a fi ń darí rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ka fáìlì náà, yóò wo iṣẹ́ tí a ní kó ṣe, yóò sì tọpa gbogbo iṣẹ́ tí èyí gbára lé títí dé ìsàlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Iṣẹ́ tí kò bá sí lójú ọ̀nà yẹn, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí iṣẹ́ kan bá ń dúró de òmíràn, tí òmíràn náà sì tún ń dúró dè é, kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Yóò dárúkọ àwọn méjèèjì, yóò sì fi hàn bí wọ́n ṣe so kọ́ra.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà so iṣẹ́ pọ̀ ni dependsOn, èyí tó túmọ̀ sí pé kó má ṣe èyí àfi bí ó bá ti ṣe tọ̀hún. Ó wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fẹ́ yìn. Ohun tó mú Gradle ta yọ lójú tèmi ni pé a lè sọ fún un ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé àti ohun tí ó ń mú jáde, kí a sì fi àbájáde iṣẹ́ kan ṣe ohun tí òmíràn ń gbà wọlé. Fúnra rẹ̀ ni yóò mọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nínú áàpù tí a ń ṣe fún àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tó ń ka fáìlì iye owó, tó sì ń kọ kóòdù jáde láti inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dependsOn nìkan ló wà níbẹ̀, Gradle yóò mọ ẹni tó ṣáájú, kò ní mọ ìdí rẹ̀, gbogbo ìgbà ni yóò sì máa tún iṣẹ́ náà ṣe. Nítorí pé a sọ fáìlì tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, UP-TO-DATE ló ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò sì fò ó kọjá níwọ̀n ìgbà tí iye owó kò bá yí padà.

Láti ẹ̀dà 8 ni Gradle ti ń kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ tó bá ń lo àbájáde iṣẹ́ mìíràn láìsọ pé òun gbára lé e. Ìkìlọ̀ lásán ni ní ẹ̀dà 7. Ó le, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn, nítorí pé irú àṣìṣe tó fara sin bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń mú kí áàpù kan yọrí lórí kọ̀ǹpútà yìí, kó sì kùnà lórí tọ̀hún.

Èyí tó ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lójú jù ni mustRunAfter. Kò mú iṣẹ́ kan gbára lé òmíràn rárá. Ètò ìṣáájú lásán ni. Bí àgbà bá wà nídìí àwo, òun ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ pè é kí a tó jẹun. Ẹni tó bá fi í sípò dependsOn yóò kàn rí i pé iṣẹ́ tó ń retí kò wáyé. Ti finalizedBy yàtọ̀: iṣẹ́ tó bá tọ́ka sí yóò wáyé bí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tilẹ̀ kùnà, òun ni a sì fi ń ti dátábéèsì ìdánwò pa. Ní ti shouldRunAfter, tó jọ mustRunAfter ṣùgbọ́n tí Gradle lè ṣàìtẹ̀lé nígbà mìíràn, n kò rí ohun tí ẹni tó ń fẹ́ ìdánilójú fẹ́ fi í ṣe.

Níbi tí dátà ti wọ́n, tí iná sì ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àṣejù. Àṣẹ --dry-run yóò to orúkọ àwọn iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láìṣe ọ̀kankan, --offline yóò sì lo ohun tó ti wà nílẹ̀ láìwọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá dé padà, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ti parí kì í tún gba àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n ó wúwo. Gígbà á wálẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ju 100 MB lọ, bí áàpù méjì bá sì ń lo ẹ̀dà Gradle ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni dátà yóò lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó lè wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà fún wákàtí 3 láìṣe nǹkan kan. Àpẹẹrẹ tí a ń rí kà tún pín sí èdè kọ̀ǹpútà méjì, Groovy àti Kotlin, èyí tí kò rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe áàpù Android kó kọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ojoojúmọ́ ni yóò máa bá a pàdé. Ẹni tó ní ètò kékeré kan tí a fi èdè Java kọ lórí kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ kò ju 4 GB lọ, Maven, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ni kó lò.