Bitaxe Gamma ní Òṣogbo: ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wa Bitcoin nínú ilé

"Ẹ̀gbọ́n, èló ló ń pa wọlé lóòjọ́?" Gbogbo ẹni tó bá rí ẹ̀rọ yìí lórí tábìlì mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Kò tíì pa kọ́bọ̀ wọlé. Síbẹ̀, bí ẹni tó tà á fún mi bá ní kí n gbé e wá kí n gba owó mi, mi ò ní gbà. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé Òṣogbo yìí mọ̀ kó tó náwó lé e.

Bitaxe Gamma ni orúkọ rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: bọ́ọ̀dù kan, fáànù kan lórí rẹ̀, àti ojú kékeré tó ń kọ nọ́ńbà. Ṣíìpù inú rẹ̀, BM1370, ni irú èyí tó wà nínú Antminer S21 Pro, ẹ̀rọ ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń wa Bitcoin. Àmọ́ Antminer yẹn ń kó ọ̀pọ̀ ṣíìpù pọ̀, ó ń jẹ iná tó lé ní wáàtì 3,000, kò sì sí ẹni tó lè sùn sí tòsí rẹ̀. Ẹyọ ṣíìpù kan ló wà nínú tèmi, wáàtì 18 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì tó 1.2 terahash (ìṣirò tó lé ní ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù kan) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é tà. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i lọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn, tí dídára wọn ò sì dọ́gba. Ọwọ́ ẹni tó ń kó o wọlé ní Ìkẹjà ni mo ti ra tèmi, mọ́tò ló gbé e wá sí Old Garage.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an? Ó ń mú àkójọ owó tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Bitcoin, èyí tí wọ́n ń pè ní bulọ́ọ̀kù, ó ń fi nọ́ńbà kan kún un, ó ń kó gbogbo rẹ̀ gba inú ìṣirò SHA-256 kọjá, ó sì ń wò ó bóyá èsì rẹ̀ kéré tó iye tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fẹ́. Bí kò bá kéré tó, a yí nọ́ńbà padà, a tún ṣe é. Ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù kan ló ń ṣe èyí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lágbàáyé ló ni bulọ́ọ̀kù náà, pẹ̀lú Bitcoin 3.125, iye tí èrè náà já sí nígbà tó pín sí méjì ní oṣù Kẹrin 2024.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni bulọ́ọ̀kù kan ń jáde. Bí a bá fi 1 zettahash (bílíọ̀nù kan terahash) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣírò agbára gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, ẹ̀rọ kan bíi tèmi ní àǹfààní kan nínú nǹkan bí 16,000 láàrin ọdún kan gbáko. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé Bitaxe rí bulọ́ọ̀kù, ní 2024, òótọ́ ni. Ẹ má fi owó ilé-ìwé ọmọ retí rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ dá a ṣe lè wọ inú pool, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń pa agbára ẹ̀rọ wọn pọ̀ tó sì ń pín èrè, ṣùgbọ́n ohun tó máa kàn yín lóòjọ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju owó iná tó jẹ lọ, ó tiẹ̀ lè má tó o.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rọrùn. Tí ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, fáànù á yí, ojú rẹ̀ á tàn, á sì gbé Wi-Fi tirẹ̀ jáde. Ẹ fi fóònù wọ Wi-Fi náà, kí ẹ tẹ 192.168.4.1 sínú Chrome, kí ẹ wá kọ orúkọ Wi-Fi ilé yín àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn: 2.4 GHz nìkan ni ẹ̀rọ yìí mọ̀, kò rí 5 GHz rárá. Bó bá jẹ́ hotspot fóònù lẹ ń lò, ẹ lọ yí i padà nínú sẹ́tíǹgì rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó kọ àdírẹ́sì pool. solo.ckpool.org, port 3333, ni èmi ń lò; ìyẹn kì í pín èrè, ẹni tó bá rí bulọ́ọ̀kù ló ni ín. Bí bulọ́ọ̀kù bá já mọ́ yín lọ́wọ́, wọ́n á yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí wọ́n bá ti bi yín ní orúkọ, àdírẹ́sì Bitcoin inú wọ́lẹ́ẹ̀tì tiyín, ìyẹn ibi tí ẹ ń tọ́jú Bitcoin sí, ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Dátà tó ń jẹ kéré gan-an sí ti fídíò.

Nọ́ńbà kan wà lójú rẹ̀ tí mo máa ń wò láràárọ̀, best difficulty, ìyẹn ibi tó súnmọ́ jù lọ látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́; bí èsì ìṣirò bá ṣe kéré tó ni nọ́ńbà yìí ṣe ń tóbi tó. Tèmi ti wọ bílíọ̀nù. Inú mi dùn lọ́jọ́ tó débẹ̀, mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Ohun tó lé ní 100 tírílíọ̀nù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń béèrè ní 2025. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń kà nípa Bitcoin, ọjọ́ tí mo fi nọ́ńbà méjèèjì yìí síra ni mo tó mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè jókòó síbì kan kó máa tẹ Bitcoin jáde bó ṣe wù ú.

Ní ti iná: Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí gíríìdì iná Nàìjíríà, ìyẹn ò sọ pé iná ọba kì í lọ ní Òkè-Fìà níbi tí mò ń gbé. Owó iná kọ́ ni wàhálà. Wáàtì 18 tọ̀sán-tòru fún oṣù kan kò ju yúníìtì 13 lọ. Bí a bá fi ₦225 tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù Kẹrin 2024 ṣírò, nǹkan bíi ₦2,900 ni. Lílọ-bíbọ̀ iná ló ń da àwọn èèyàn láàmú, wọ́n rò pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ṣe á ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí pé ẹ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀ kí iná tó lọ. Wákàtí tí iná fi lọ nìkan lẹ pàdánù. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ náà á tan ara rẹ̀, á wá Wi-Fi, á sì bá iṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹ sáà má ki í bọ súọ̀kẹ́ẹ̀tì lásán, torí bí iná ṣe máa ń fò sókè nígbà tó bá dé. Ara invẹ́tà ni tèmi wà.

Ooru ló le. Lóṣù Kẹta, lọ́sàn-án, ṣíìpù náà ń gbóná débi pé fáànù ò sinmi. Mo dín iyára rẹ̀ kù láti 525 MHz tó bá wá, ara sì tù ú. Nígbà ọyẹ́, eruku á dì mọ́ abẹ́ fáànù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi ò gba ariwo rẹ̀ lóru: "Dádì, ẹ gbé nǹkan yín yìí lọ sí pálọ̀." Pálọ̀ ló wà báyìí. Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún un ní 4. Fáànù yẹn ló gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ kó owó fún òun kí òun máa bá yín wa Bitcoin, tí èrè á máa wọlé lójoojúmọ́, ẹ sá fún un. Ẹ rántí bí CBEX, tó ṣèlérí èrè ńlá fún àwọn tó kówó lé e, ṣe parí ní oṣù Kẹrin 2025, tí inú bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tèmi ò ṣèlérí kankan, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló wà lójú mi.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì tó o lè fi láptọ́ọ̀pù àtijọ́ àti XMRig, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń wa owó báyìí, bẹ̀rẹ̀ lórí Monero, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn, torí ìṣirò tirẹ̀, RandomX, bá kọ̀ǹpútà lásán mu.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ra Bitaxe, ẹ béèrè àdápítọ̀ fóltì 5 (5V), ámpù 6 (6A), lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu àdápítọ̀ fóltì 12 (12V) ti ọ̀pọ̀ ráútà Wi-Fi wọ ihò rẹ̀ geerege. Bí ẹ bá ki ìyẹn bọ̀ ọ́, ṣíìpù á jóná.