Ìwé Compendium lórí ẹ̀kọ́ àwùjọ ti Ìjọ Àgùdà: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́

Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ mọ ohun tí Ìjọ Àgùdà fi ń kọ́ni nípa owó iṣẹ́, dúkìá àti ìjọba, ìwé tí wọ́n sábà máa ń júwe fún un ni Compendium of the Social Doctrine of the Church, tí ìgbìmọ̀ Vatican tó ń rí sí ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà gbé jáde lọ́dún 2004. Orúkọ rẹ̀ gùn, inú rẹ̀ náà sì kún: orí 12, ìpínrọ̀ 583. Ìwé gidi ni. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfàìmọ̀ kó má sú u kó tó dé ibi tọ́rọ̀ wà, torí àlàyé lórí Ọlọ́run, ẹ̀dá àti iṣẹ́ Ìjọ ló gba orí mẹ́ta àkọ́kọ́.

Orí kẹrin ni kẹ́ ẹ ṣí, ìpínrọ̀ 160 sí 208. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wà: ire gbogbo gbòò, pé gbogbo ẹ̀dá ni Ọlọ́run dá ohun ayé fún, àti pé ohun tí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kékeré bá lè dá ṣe, kí ìjọba má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ ka 176 àti 177 pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní dúkìá àdáni ń jẹ́ kí èèyàn àti ìdílé rẹ̀ lè dá dúró. Ìkejì ní Ìjọ ò fìgbà kan gbà pé ẹ̀tọ́ sí dúkìá kò láàlà. Àwọn tó ka ọ̀kan tí wọ́n fo ìkejì ló máa ń fi Ìjọ jẹ́rìí ohun tí kò sọ.

Ẹ wo ìpínrọ̀ 302 náà: pé òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá fẹnu kò lórí iye kan kò tíì sọ ọ́ di owó iṣẹ́ tó tọ́. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Rerum Novarum, lẹ́tà tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ lọ́dún 1891, níbi tó ti ní owó náà gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ tí kì í náwó nínàákúnàá. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé ló ń júwe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì mú ìwé náà wúlò jù nìyẹn. Ẹ ṣí lẹ́tà náà lórí ìkànnì Vatican, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ ka ohun tó ṣáájú àyọkà náà àti ohun tó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà ìpínrọ̀ Rerum Novarum máa ń yàtọ̀ láti ìtẹ̀jáde kan sí òmíràn, torí náà kókó ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a.

Àléébù Compendium ni pé ó ti pẹ́. Àwọn lẹ́tà póòpù tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn Caritas in Veritate (2009), Laudato Si' (2015) tó dá lórí àyíká àti Fratelli Tutti (2020), kò sí nínú rẹ̀ rárá. Orí kẹwàá tó dá lórí àyíká ti fúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Laudato Si'. Orí kìíní àti ìkẹrin lẹ́tà yẹn ni kẹ́ ẹ kà dípò rẹ̀.

Ní ti DOCAT, ìwé míì lórí ẹ̀kọ́ àwùjọ Ìjọ tó jáde lọ́dún 2016, ìbéèrè àti ìdáhùn ni, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó dára fún ẹgbẹ́ tó ń kàwé pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìjọ ṣe rò ó kó tó dé ibi tó dé, ìwé yẹn ò ní tó o.