Ilé Oko Tí A Háyà Ní Limousin: Ẹni 6 Ló Gbà, Kì Í Ṣe 8

Ènìyàn 8 ni wọ́n kọ sínú ìpolówó pé ilé náà gbà. Ẹni 6 ló lè sùn níbẹ̀ kí ara tù ú. Àwọn 2 tó kù, orí àga pálọ̀ ni wọ́n máa sùn, àga náà sì ti jìn láàárín débi pé ọkọ mi ní láti fa ọmọ wa yọ láàárọ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ tó kó ìyá àgbà dání bíi tiwa.

Ilé oko àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní gîte, kò jìnnà sí ìlú kékeré Châlus, ní ẹkùn Haute-Vienne ní agbègbè Limousin, ilẹ̀ Faransé. Láti London, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun ló gbé mọ́tò wa dé Calais. Láti Calais, ó tún lé ní 600 kìlómítà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la dé, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣí. Ọpẹ́lọpẹ́ gàrí tí Màmá, ìyá ọkọ mi, tọ́jú sísàlẹ̀ àpò wọn.

Ògiri ilé náà wù mí. Òkúta ni, ó nípọn ju gígùn apá mi lọ. Oòrùn oṣù kẹjọ ń ta níta, inú ilé tutù rìnrìn. Màmá fọwọ́ pa á, wọ́n ní, "Ilé alámọ̀ bàbá mi ló jọ." Àmọ́ omi gbígbóná máa ń tán lẹ́yìn ẹni kẹta, ojú fèrèsé ilé ìdáná nìkan ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, eṣinṣin ò sì jẹ́ ká gbádùn, torí àwọn màlúù pupa Limousin ń jẹko ní ẹ̀yìnkùlé gan-an.

Àdúgbò ni mo sanwó fún ní tèmi. Ní Westminster ní London, ère Richard Ọlọ́kàn Kìnnìún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wà lórí ẹṣin níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n dáadáa. Châlus yìí ni wọ́n ti ta á lọ́fà léjìká lọ́dún 1199, nígbà tó dó ti ilé odi ibẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà jẹrà, ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Wọ́n sin ìfun rẹ̀ sí Châlus, wọ́n gbé ọkàn rẹ̀ lọ sí Rouen, wọ́n sin òkú rẹ̀ sí Fontevraud, Faransé náà ni méjèèjì. Ọmọ mi ní, "Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó dé ilé nínú rẹ̀?"

Ahoro ìlú Oradour-sur-Glane, ẹ má kó ọmọdé tó kéré gan-an lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, 1944, àwọn ọmọ ogun SS, ẹgbẹ́ ológun Hitler ti Jámánì, kó àwọn ọkùnrin ìlú náà sínú àká, wọ́n yìnbọn fún wọn. Wọ́n ti àwọn obìnrin àtọmọdé mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dáná sun ún. Ènìyàn 643 ló kú. Obìnrin kan ṣoṣo ló fò láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì náà tó yè. De Gaulle, olórí ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n fi ahoro náà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì kọ́ ìlú tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin ojú ọ̀nà tíráàmù ṣì wà nílẹ̀. A ò san kọ́bọ̀ láti wọ inú ahoro. Màmá, tí wọ́n ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, dúró síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti dípẹtà láàárín ògiri wíwó. Wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n tún padà wá wò ó. Nínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ kejì la lọ sí ìlú Saint-Yrieix, ká lè mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹfun ní nǹkan bí ọdún 1768, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ tánńganran ìlú Limoges tó gbayì káyé. Wọ́n ní ìyàwó oníṣẹ́ abẹ kan ló ń fi í fọṣọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹfun tí à ń rà lọ́jà?" Wọ́n ra àwo kan tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ díẹ̀, euro 4, wọ́n fi gèlè wé e títí dé London, kò fọ́. Ife kan tí ọmọ mi fọ́ nílé ìdáná, euro 15 ni onílé yọ nínú owó ìdógò wa.